Obìnrin Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, onígbàjámọ̀ kì í gẹ irun fún ẹnikẹ́ni. Á gbá ilẹ̀, á kó irun dànù, á wá yí àwọn àga ìgẹrun kúrò níwájú dígí kí wọ́n lè kọjú síra wọn, ṣọ́ọ̀bù náà á sì di ilé àwọn olùfẹ́ ìwé. Mẹ́rin péré ni wọ́n. Onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ka nǹkan míì ju ìtàn ọ̀daràn lọ, kì í sì í lè mú un mọ́ra kó má sọ ẹni tó pààyàn kí ẹlòmíì tó ka ojú ewé kejì. Apòògùn ni obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù oògùn ní ìkángun òpópónà. Ìwé ìtọ́ni inú páálí oògùn ló fi ń sàmì sí ibi tó bá kàwé dé. Tísà ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ìṣirò, ṣùgbọ́n ìtàn ìfẹ́ ló ń kà, ó sì máa ń fi ìwé ìròyìn bo ẹ̀yìn wọn kí àwọn ọmọ iléèwé má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹnì kẹrin ni Awọnlẹ̀. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, orúkọ iṣẹ́ náà ló sì mọ́ ọn lára. Kò sẹ́ni tó dìbò yàn án, síbẹ̀ òun ni olórí wọn. Bó bá ní ìwé kan dára, àwọn yòókù á wá a dé ibi tó bá wà. Bó bá ní kò dára, ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ti bùṣe. Kì í ṣe agídí lásán. Ọkùnrin náà mọ ìtàn í sọ. Á gbé ohùn sókè, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á fi ọwọ́ júwe ọ̀nà tí olè gbà wọlé, débi pé tíì Tísà á tutù sí i lọ́wọ́ láìmọ̀.

Àìsàn ojú ló dé tó ba nǹkan jẹ́. Kò dé lójijì. Ńṣe ló ń yọ́ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, tó ń ká ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn lójú bí ẹni ń ká ẹní, títí tó fi jẹ́ pé kò lè mọ̀ ju pé fèrèsé ni ibí, ògiri ni ọ̀hún. Ó ní òun kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ mọ́, pé kí ni adití ń wá níbi tí wọ́n ti ń kọrin?

Ìyàwó rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ ìrònú. Ó ní, "Bàbá wọn, ṣé ojú ara ẹni nìkan ni wọ́n fi ń kàwé ni? Ẹ jẹ́ kí n máa kà á sí yín létí."

Ìyàwó yìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tẹlifóònù ìjọba, níbi tó ti ń so ohùn ẹnì kan pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, kì í kánjú. Òun náà fẹ́ràn ìwé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ọkọ ló ń kọ́kọ́ ka ìwé tó bá wọlé, kó sì tó kan ìyàwó, ọkọ á ti sọ bó ṣe parí fún un nídìí oúnjẹ. Ó ti bẹ̀ ẹ́ rí pé kó jẹ́ kí àwọn jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Èsì tó gbà ni, "Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Àríyànjiyàn lásán ni."

Bí wọ́n bá ti jí lójú oorun ọ̀sán báyìí, Awọnlẹ̀ á fẹ̀yìn ti àga, ìyàwó á fa àpótí ìjókòó sún mọ́ fèrèsé, á ṣí ìwé. Bí ọkọ ṣe ń pàṣẹ fún àwọn tó ń fa okùn ìwọnlẹ̀ láyé ọjọ́sí ló ṣe ń pàṣẹ fún un. "Tún ibẹ̀ kà." "Má sáré." "Fo ibi tó ti ń júwe òkun yẹn, gbogbo wa la mọ̀ pé omi ni."

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ìwé kan ni wọ́n ń kà lórí apẹja tí ọkọ̀ òkun ńlá kan fọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n dé ibi tí apẹja ń gbára dì láti lọ bá agbẹjọ́rò, ni obìnrin kan bá yọjú nínú ìtàn náà. Aládùúgbò apẹja ni, iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn sì ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Obìnrin náà bímọ nígbà tí ọkọ kò sí nílé. Ọmọbìnrin ni. Ọmọ náà mí fún ọjọ́ kan, kò sì mí mọ́. Nígbà tí ọkọ padà dé, tí ẹrẹ̀ gun bàtà rẹ̀ dé orúnkún, tí ìyàwó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí kò lè dìde, ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu ọkùnrin náà jáde ni pé, "Ṣé omi gbígbóná wà tí mo lè fi wẹ̀?"

Awọnlẹ̀ mi orí. "Irú ọkọ wo rèé?"

Ìyàwó rẹ̀ sọ ìwé kalẹ̀ sórí itan. "Kí lẹ rí sí i?"

"Kí ni mo tún fẹ́ rí sí i? Ẹranko ni. Ó dáa, jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò."

Ìwé tó tẹ̀ lé e dá lórí olè tó wọ báńkì. Wọn kò tíì rìn jìnnà nínú rẹ̀ tí ìyàwó ọdẹ báńkì fi bímọ, tí ọmọ kú, tí ọdẹ ti ìrìn àjò dé tó ń bèèrè omi gbígbóná. Awọnlẹ̀ fi ọwọ́ lu apá àga. "Obìnrin yìí náà tún dé! Àwọn òǹkọ̀wé ìsinsìnyí, ara wọn ni wọ́n ń jí wò." Ìyàwó ṣí ewé tó tẹ̀ lé e. Ó ń kà lọ.

Apòògùn ló ní kí wọ́n ka ẹ̀kẹta, ìtàn awakọ̀ akẹ́rù kan tó ń gbé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Ó dé ilé àlejò kan lójú ọ̀nà, ó fẹ́ sinmi. Obìnrin tó ni ilé àlejò náà gbé ìjókòó fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ara rẹ̀ fún un, bí òun ṣe bímọ nígbà tí ọkọ wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Fò ó," Awọnlẹ̀ wí.

"Kò gùn, Bàbá wọn."

"Mo ní kó o fò ó. Ẹkún obìnrin yẹn ti sú mi."

Ó gbọ́ tí ewé kan ṣí. Lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì pẹ́ débi pé ó ní, "Àbí o ti sùn ni?"

"Rárá o," ìyàwó dáhùn. "Mò ń wá ibi tí awakọ̀ dé ni."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, onígbàjámọ̀ wá di Awọnlẹ̀ lọ́wọ́ mú bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí Awọnlẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọ́n jọ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tísà ló kọ́kọ́ sọ ohun tó ń kà, ìtàn opó kan àti ẹni tó ń tún bàtà rẹ̀ ṣe. Ó ní kí gbogbo wọn wá a rà, pé òun sunkún níbi tí ọkùnrin náà ti dá bàtà padà láì gba kọ́bọ̀.

"Tísà, ìwé wo ni kì í pa yín lẹ́kún?" onígbàjámọ̀ bi í. "Mo rò pé ìwé ìṣirò pàápàá, ẹ máa ń sunkún níbi àyọkúrò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Apòògùn yíjú sí àgbàlagbà náà. "Awọnlẹ̀, ṣé ẹ ti parí ìwé awakọ̀ tí mo ní kẹ́ ẹ kà? Àwa yòókù ti kà á tán. Tiyín nìkan la ń retí."

"Mo ti parí rẹ̀. Ìwé tó mọ́yán lórí ni. Ibi tí awakọ̀ ti ń bá òkú jiyàn nípa bọ́ọ̀lù, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi." Ó gún ara ró nínú àga. Ohùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò bó ṣe máa ń rí bí ó bá fẹ́ dájọ́. "Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan, àléébù ọ̀hún sì ti ń di àjàkálẹ̀ àrùn láàárín àwọn òǹkọ̀wé. Obìnrin tọ́mọ rẹ̀ kú yẹn. Kí ló ń wá níbẹ̀?"

"Obìnrin wo?" Apòògùn bèèrè.

"Ẹni tó ni ilé àlejò. Tí ọkọ rẹ̀ dé tó ń bèèrè omi gbígbóná."

Onígbàjámọ̀ àti Tísà wojú ara wọn. Apòògùn rọra ní, "Ọkùnrin ló ni ilé àlejò yẹn, Bàbá. Apárí kan tó máa ń bá ajá rẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Ẹ ò kà á dáadáa nìyẹn. Obìnrin kan náà ló wà nínú ti apẹja. Òun náà ló wà nínú ti olè báńkì, ìyàwó ọdẹ."

"Hẹ̀n-ẹ́n, mo ka ti olè báńkì lẹ́ẹ̀mejì o," onígbàjámọ̀ wí. "Ọdẹ yẹn ò níyàwó rárá. Àìníyàwó gan-an ló sún un débi tó fi ṣílẹ̀kùn fólè."

"Ìwọ tó jẹ́ pé ojú ewé ìkẹyìn lo máa ń kọ́kọ́ ṣí!" Inú ti ń bí Awọnlẹ̀. "Apòògùn náà rèé, bí ẹni ń ka hóró oògùn ló ṣe ń ka ìwé, kó ṣáà ti pé. Mo sọ fún yín pé obìnrin wà níbẹ̀. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ náà dun Apòògùn. Ó yọ ìwé náà nínú báàgì rẹ̀, ó wá orí tí awakọ̀ ti dé ilé àlejò, ó sì kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Apárí ṣílẹ̀kùn. Apárí bá ajá sọ̀rọ̀. Awakọ̀ jẹun, ó sùn, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó tẹ̀síwájú. Kò sí obìnrin kankan. Apòògùn pa ìwé dé.

Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu onígbàjámọ̀ kó tó rí i mú. "Ó jọ pé Màmá ń fi ẹnu tiwọn kún un!"

Tísà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́. Awọnlẹ̀ dìde. Ó ń nawọ́ wá ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ gbá àwo kóòmù dànù, kóòmù sì fọ́n ká ilẹ̀. Apòògùn sún mọ́ ọn.

"Ta ni obìnrin yẹn, Bàbá?" ó bi í ní ohùn kékeré.

Awọnlẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú òun lọ́wọ́. Ó ń tọ ògiri lọ láti ilé dé ilé, Tísà sì ń rìn tẹ̀ lé e lẹ́yìn láì jẹ́ kó gbọ́ ẹsẹ̀ òun, títí ó fi rí i pé ó wọlé.

Ìyàwó ń lọ aṣọ lọ́wọ́ ní pálọ̀. Òórùn aṣọ gbígbóná ni Awọnlẹ̀ fi mọ ibi tó dúró sí.

"O fi mí ṣe ẹlẹ́yà láàárín àwọn èèyàn mi," ó wí.

Ìyàwó gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Kí ni mo ṣe?"

"Ojú mi lọ, mo ní ojú tìrẹ ni màá fi máa ríran. Ìwọ wá ń fi irọ́ bọ́ mi bí ọmọ ọwọ́. Obìnrin yẹn ò sí nínú ìwé kankan. Wọ́n kà á sétígbọ̀ọ́ mi!"

"Òótọ́ ni. Kò sí nínú ìwé."

"Níbo lo ti wá rí i?"

Ìyàwó yíjú sí i. Ó ní, "Bàbá wọn, nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, kí ló bèèrè?"

"Omi gbígbóná ló bèèrè. Kí wá ni tèmi níbẹ̀? Omi tó fẹ́ fi..."

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù mú. Bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń rántí fún un, ó rí bàtà gígùn tó máa ń wọ̀ nígbà tí wọ́n ń wọn ilẹ̀ ojú irin, ẹrẹ̀ pupa tó gbẹ mọ́ ọn, yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé nígbà náà.

"Ṣé èmi ni?"

"Ẹ̀yin ni."

"Mi ò rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń kà á fún yín nìyẹn." Kò pariwo. Ohùn tó fi ń kàwé ló ṣì fi ń sọ̀rọ̀. "Wàrà ń ro láyà mi, ó ti rin aṣọ. Ẹ rí i. Ẹ ní kí n lọ pààrọ̀ aṣọ kí òtútù má mú mi. Lẹ́yìn náà ẹ bèèrè omi."

"Ó rẹ̀ mí ni, àbí... ọ̀nà jìn. Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ fún mi tààrà?"

"Mo sọ ọ́ tààrà. Ẹ ní Ọlọ́run tó mú un lọ á fún wa ní òmíràn, ẹ sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó fún wa lóòótọ́, ọkùnrin méjì. Gbogbo ayé wá ní kí n dákẹ́, pé ohun tí mo ń wá ti dé. Mo dákẹ́. Nígbà tí ojú yín wá lọ, tí ẹ jókòó síbí tó jẹ́ pé ohùn mi nìkan lẹ ní, mo ní àsìkò ti tó. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ ní ẹranko ni ọkùnrin náà. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ẹni tó mọ̀ pé ẹranko ni, kò ní pẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. Ìgbà kejì, ẹ ní àwọn òǹkọ̀wé ń jí ara wọn wò. Ìgbà kẹta, ẹ ní kí n fò ó."

Awọnlẹ̀ fọwọ́ wá ọ̀nà dé ibi àga rẹ̀, ó jókòó.

"Níbo ni wọ́n sin ín sí?"

"Ẹ ò bèèrè rí."

"Mo ń bèèrè báyìí."

"Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ ní ilé ìwòsàn. Àbúrò mi ọkùnrin ló bá mi lọ. Wọ́n ti da ọ̀dà sójú ibẹ̀ tipẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé mọ́tò sí."

"Ta ló wọn ilẹ̀ ibẹ̀ fún wọn?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò wádìí."

Ó ti wọn ilẹ̀ fún ilé ìwòsàn rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó gbìyànjú láti rántí èwo nínú wọn ló ní ilé ìfọṣọ, apá ibo ni wọ́n ti ri òpó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ ayé rẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ra. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, áyọ́ọ̀nù tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò lórí aṣọ.

Kò bẹ̀ ẹ́. Bóyá ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn kan wà tí ẹ̀bẹ̀ máa ń pẹ́ dé ẹnu wọn, nígbà tó bá sì máa dé, ẹni tí wọ́n fẹ́ bẹ̀ á ti kúrò nídìí ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà ìyàwó kò kàwé fún un mọ́. Kò bá a jà, kò fi oúnjẹ dù ú, ó ń gé èékánná rẹ̀, ó ń kán oògùn ojú rẹ̀ sí i. Àpótí ìjókòó nìkan ló gbé kúrò nídìí fèrèsé.

Èyí àgbà nínú àwọn ọmọkùnrin wọn fi fóònù kan ránṣẹ́ tó ń ka ìwé fúnra rẹ̀. Ohùn ọkùnrin kan ni, geere, tí kì í mí. Awọnlẹ̀ gbìyànjú. Ó ní kò sí bí òun ṣe lè gba ìtàn gbọ́ lẹ́nu ẹni tí kì í mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó bọ́ ọ kúrò létí, ó sì ké sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá wọn. Wá ka ibi obìnrin yẹn fún mi. Mi ò ní sọ nǹkan kan. Màá gbọ́ ọ."

"Ó ti tán, Bàbá wọn," ó dáhùn láti ibi tó wà. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á."

Apòògùn ló wá sílé. Awọnlẹ̀ wà nínú yàrá, ó rò pé òun ni wọ́n wá bẹ̀ pé kó padà, ó ti ń tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó wá gbọ́ tí Apòògùn ń sọ ní pálọ̀ pé, "Màmá, ẹ̀yin gan-an la fẹ́ kó wá. Onígbàjámọ̀ ní òun máa tọrọ àforíjì." Awọnlẹ̀ dúró kó gbọ́ bí ìyàwó òun á ṣe kọ̀ ọ́. Ohun tó gbọ́ ni, "Aago mélòó lẹ máa ń bẹ̀rẹ̀?"

Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fún ìyàwó ní àga tó sún mọ́ fèrèsé. Onígbàjámọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí ilẹ̀ tó gbá, ó ní kó dárí ji ẹnu òun. Nígbà tó kan ìyàwó, ó sọ ìwé tó ń kà, ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n jọ ń gbin òdòdó tà, tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Kò mọ ìtàn í sọ bí ọkọ rẹ̀. Kì í júwe, kì í gbé ohùn sókè. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́, ó ní ìwé dáadáa ni, kí wọ́n kà á.

"Ṣé..." Onígbàjámọ̀ wo ojú Tísà, kò sì lè pa á mọ́ra. "Màmá, ẹ má bínú. Ṣé obìnrin yẹn wà nínú rẹ̀?"

"Rárá," ó ní. "Àwọn olódòdó nìkan ló wà nínú rẹ̀."

Apòògùn fà sún mọ́ ọn. "Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi látọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin náà lè kọ ọ́ kó di ìwé, àwa á sì máa sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n kà á."

"Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ," ìyàwó Awọnlẹ̀ wí. Lẹ́yìn náà ó bi Tísà bóyá ó lè yá òun ní ìtàn opó àti ẹni tó ń tún bàtà ṣe.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ ti ń dúró. "Kí ni wọ́n ń kà?" ó bi í. Ìyàwó sọ ohun tí kálukú wọn ń kà fún un, láìfi kún un, láìyọ kúrò, bí ìgbà tó ń so ohùn èèyàn pọ̀ lórí tẹlifóònù. Awọnlẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí. Ó yí ojú tí kò ríran sí apá ibi tí ohùn náà ti ń wá.

"Ìwọ náà," ó ní, "èwo nínú wọn lo rò pé kí n kà?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò bèèrè irú rẹ̀ rí.

"Èyí tó bá wù yín," ó dáhùn.

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó pa ilẹ̀kùn dé. Láìpẹ́ Awọnlẹ̀ gbọ́ tó ṣí ìwé Tísà. Ó tẹ́tí. Àwọn ewé ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, láìsí ohùn.